Eérú Ìkọ̀tún, Àdín Ìgàndò

Ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú Ọlọ́hun, Ọba tó dá omi, tó dá igi ọ̀pẹ, tó sì fi awọ tó dára bo ọmọ ènìyàn lára. Mo dúpẹ́ pé ojú mi ṣì ríran láti wo ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Mo dúpẹ́ pé etí mi ṣì ń gbọ́ ìpè ìrun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́hun bá jẹ́ kó dàgbà, tó wá pa ẹnu mọ́ lórí oore tí ó rí, onítọ̀hún kò mọ ọpẹ́ dá. Alihamudulilahi.

Láìpẹ́ yìí ni Sìdíkátù, ọmọ ọmọ mi tí yìgì rẹ̀ ti súnmọ́lé, wá kí mi láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ó tú àpò rẹ̀ sórí ẹní mi. Ìpara àárọ̀, ìpara alẹ́, èyí tí wọ́n fi ń fọ ojú, èyí tí wọ́n tún fi ń nu èyí tí wọ́n fi fọ ojú kúrò. Síbẹ̀, ìrorẹ́ kún iwájú orí rẹ̀.

Mo ní, "Sìdí, ṣé ojú kan ṣoṣo yìí ló ń ru gbogbo ẹrù yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámá àgbà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Ọṣẹ dúdú yín dà? Ẹ wo awọ yín bó ṣe ń dán. Wọ́n ń tà á lórí fóònù báyìí, gbogbo wọn ló ń kọ 'ojúlówó' sí i lára, mi ò wá mọ èyí tí ǹ bá gbà gbọ́."

Mo ní kó jókòó. Nínú ilé tiwa, ọ̀rọ̀ ọṣẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró, nítorí ọṣẹ ló kù díẹ̀ kó má jẹ́ kí n dé ilé bàbá ńlá rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́.

Ìgàndò tí ẹ ń wò yìí, tí ilé gun ilé, tí ṣọ́ọ̀bù ti ṣọ́ọ̀bù, igbó ọ̀pẹ ni lójú tiwa. Ibi tí ilé epo ńlá wà létí títì yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ẹyìn fún ìyá mi. Láti ilé wa dé Ìkọ̀tún, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, ìrì á ti rẹ ìró wa dé orúnkún kí a tó dé ọjà. Ẹ̀yin ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ẹ ó sì tún máa ráhùn pé ó pẹ́ kó tó kún. Àwa ń rìn ín, ẹrù sì wà lórí wa, orin sì wà lẹ́nu wa.

Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ òwúrọ̀ ìgbà náà. Ohùn àlùfáà ni yóò kọ́kọ́ dún, ohùn rẹ̀ gan-an, kò sí ẹ̀rọ tó gbé e sókè. A ó kírun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá mi á ti wà nídìí òkúta rẹ̀, á máa pa ekùrọ́: pá, pá, pá. Bí ìró yẹn bá dákẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ará ilé kejì á ránṣẹ́ wá béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ọṣẹ ni ìyá mi ń sè. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo ayé ń pè é, àní bàbá mi pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń sè é, nítorí bí ẹ kò bá mọ èyí, ẹ kò ní mọ ohun tí bàbá mi ṣe.

Bí wọ́n bá ti ṣá ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀, ìyá mi kì í jẹ́ kí wọ́n da ìdì tó ṣófo yẹn nù. Yóò sá a sóòrùn títí tí yóò fi gbẹ, yóò wá sun ún di eérú. Yóò da eérú náà sínú ajere, ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí, yóò rọra bu omi lé e. Omi yẹn yóò gba inú eérú kọjá, yóò máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀, tó, tó, tó, pupa rúsúrúsú bí omi tíì. Omi eérú nìyẹn. Ó le. Bó bá kan ibi tó bó lára rẹ, wàá mọ̀ pé o wà láyé. Yóò gbé e kaná, yóò da àdín sí i, òróró tó yọ lára ekùrọ́ tí a ti yan. Yóò máa rò ó, yóò máa rò ó, títí tí omi àti òróró, àwọn méjì tí kì í gbọ́ ara wọn, yóò fi di ọ̀kan, tí wọ́n á ki, tí wọ́n á sì dúdú.

Kò tíì tán. Ọṣẹ tuntun kì í ṣe fún ara. Ó gbọ́dọ̀ sinmi nínú igbá kí oró inú rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹni tó bá fi ọṣẹ àná wẹ̀ lónìí, tí ara bá ń ta á, kó má bú ẹni tó sè é. Sùúrù ni kò ní.

Ọṣẹ yẹn a máa fọ ìdọ̀tí àti òógùn láìmú kí ara gbẹ, nítorí òróró ṣì kù nínú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí ooru bá yọ sí lọ́rùn, bí a bá fi wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, á sùn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìrorẹ́ ń dà láàmú, ìyá mi á ní kí wọ́n hó ọṣẹ lọ́wọ́, kí wọ́n fi ìhó rẹ̀ nìkan pa ojú, kí wọ́n tètè ṣàn án, kí wọ́n sì fi òrí díẹ̀ ra ojú náà. Kò fi kàn-ìn-kàn-ìn kan ojú ẹnikẹ́ni rí. Kì í sì í parọ́ fún oníbàárà. Bí ẹnìkan bá béèrè bóyá ó ń wo ẹ̀yìn dídùn, á ní, "Ọṣẹ ni mo sè, mi ò se iṣẹ́ ìyanu." Egbò tó bá jinlẹ̀, á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní oògùn.

Ẹ wá wo agboolé wa ní àárọ̀ Iléyá. Gbogbo ọmọdé á tò sí ẹ̀yìnkùlé, ìyá mi á gbé kàn-ìn-kàn-ìn, á máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ariwo á gba ìlú. Ọdún kan wà tí àbúrò mi ọkùnrin já lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìhó ọṣẹ lójú, tó sáré láìríran títí tó fi kó sí àárín àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti múra yídì. Agbádá funfun bíi mélòó kan ló padà lọ sílé ní ọjọ́ yẹn. Ìyá mi ní kí wọ́n má bínú, pé ọṣẹ ló kàn wọ́n, kò sí ẹni tí ọṣẹ ń bà láṣọ jẹ́. Bí wọ́n ti ń bínú ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lónìí, kálukú ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí ọmọ aládùúgbò wẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé Ìyá Ìkọ̀tún. Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀.

Ní ọjà Ìkọ̀tún, ọlọ́ṣẹ méjì ni orúkọ wọn ń ró. Ìyá mi ni ọ̀kan. Èkejì ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ Ìkọ̀tún, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Wọ́n ń jókòó kọjú sí ara wọn. Ìyá mi á ní, "Ẹ wá ra ọṣẹ tó ń tu ara lára o. Ẹ má lọ ra èyí tó ń bó ènìyàn bí iṣu." Ìyá Ìkọ̀tún kò ní wo ẹ̀gbẹ́ wa, ṣùgbọ́n á dáhùn: "Ẹ wá ra ọṣẹ tó ń fọ nǹkan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àdín lásán ni wọ́n ń tà, wọ́n kàn kùn ún ní dúdú ni." Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ra ti ìyá mi, wọ́n á sì sọdá lọ ra ti òun náà. Mo rò pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìjà yẹn ń mú ọjà tà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré pátápátá. Ìyá mi gbà lóòótọ́ pé àdín ni ẹ̀mí ọṣẹ. Ìyá Ìkọ̀tún gbà lóòótọ́ pé eérú ni.

Ọlọ́hun tó ń ṣe bó ti wù ú wá mú ọmọkùnrin obìnrin yìí, ó fi í sójú ọ̀nà mi. Ẹ má béèrè bí a ṣe pàdé. Ọmọbìnrin tó ń gbé ọṣẹ ìyá rẹ̀ wá ọjà àti ọmọkùnrin tó ń gbé ọṣẹ ìyá rẹ̀ wá ọjà, bí ìyá méjèèjì bá ń bú ara wọn, ta ni àwọn ọmọ ó máa wò?

Nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi, ìyá mi kàn ní, "Nínú gbogbo ilé tó wà ní Ìkọ̀tún?" Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń kírun, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìyá mi gbà.

Láyé ìgbà náà, ìyàwó kì í gbé ẹsẹ̀ eruku wọ ilé ọkọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní agboolé tiwa, ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ ti inú ìkòkò ìyá rẹ̀ wá, nínú igbá tuntun, ìyá ọkọ ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ hó o lójú gbogbo ènìyàn. Ọṣẹ yẹn ni ìyá ìyàwó fi ń sọ pé, "Mo wẹ ọmọ mi dàgbà, ó kù sí yín lọ́wọ́." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹni tí yóò hó ọṣẹ ìyá mi lójú ayé ni Ìyá Ìkọ̀tún.

Gbogbo ọyẹ́ ọdún yẹn, ìdì ẹyìn kan kò kọjá ìyá mi. Ó ṣa tiwa, ó tọrọ tàwọn aládùúgbò, ó sun ún, ó kó eérú rẹ̀ jọ sábẹ́ àtíbàbà di òkìtì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Eérú ìgbéyàwó ni.

Bàbá mi jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù iná ń bà á. Iná ọyẹ́ ti jó àká rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ṣá ìṣáná ní òdìkejì odò, bàbá mi á dìde dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí yìgì mi ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, èmi àti ìyá mi lọ pọn omi. Bàbá mi ti mọ́sálásí dé, ó sì rí èéfín tín-ín-rín kan tó ń rú lára òkìtì eérú. Eérú ọ̀pẹ a máa pa iná mọ́nú bí àgbà ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́nú. Ìyá mi mọ̀, ó fi í sílẹ̀ kó kú fúnra rẹ̀. Bàbá mi kò mọ̀. Ó figbe ta. Àwọn ọkùnrin àdúgbò sáré dé. Wọ́n gbé omi ìwẹ̀, wọ́n gbé omi mímu, wọ́n gbé omi àlùwàlá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà lé e lórí.

Nígbà tí a dé, àgbàlá ti di odò. Omi pupa rúsúrúsú ń ṣàn jáde lábẹ́ àtíbàbà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wọ igbó lọ. Àwọn adìẹ ti gun orí òrùlé. Àwọn ọkùnrin dúró láàárín omi náà láìwọ bàtà, wọ́n ń nu òógùn, inú wọn dùn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ kú oríire o. Díẹ̀ báyìí ló kù."

Ìyá mi kò sọ ìkòkò orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo òkìtì eérú. Ó wo omi tó ń ṣàn. Ó wo bàbá mi. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n: omi tó bá kọ́kọ́ gba inú eérú kọjá ló ń kó gbogbo agbára rẹ̀ lọ. Omi tó yẹ kó máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò ìyá mi ti wọ igbó. Ohun tó kù lábẹ́ àtíbàbà kò sàn ju ẹrẹ̀ lọ.

Ìyá mi ní, "Ẹ ti pa á."

Bàbá mi ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ó kú pátápátá, kò lè ràn mọ́."

Ìyá mi ní, "Kì í ṣe iná ni mo ń sọ."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tó pa iná ti ń ta wọ́n. Ti bàbá mi ló pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ó pupa, ó mọ́ bí ti ọmọ tuntun. Ìyá mi jókòó tì í, ó ń fi àdín ra á. Bó ti ń ra á ló ń sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ da tiyín, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Bàbá mi ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Ìyá mi ní, "Agbè kò fọ́. Kí ni a ó wá rọ sínú agbè gbé lọ Ìkọ̀tún?"

Kò sí ìdì ẹyìn mọ́. Àwọn ẹyìn tuntun ṣì kéré lórí ọ̀pẹ. Ọṣẹ tó wà nílé ti tà tán, èyí tó sì lè rà lọ́jà, ọwọ́ Ìyá Ìkọ̀tún ni ì bá ti rà á. Ìyá mi bá pinnu. Ó ní kí wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú di ìgbà tí ẹyìn tuntun bá dé. Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà náà, ìgbà ẹyìn tuntun jìn sí mi ju Mẹ́kà lọ. Ẹkún ni mo fi ń sùn.

Bàbá mi pe àlùfáà kó bá a bẹ̀ ẹ́. Àlùfáà ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, yìgì kò dúró lórí ọṣẹ. Sàdáákì tí ọkọ ń san ni, ẹlẹ́rìí ni, ìfẹ́nukò ni."

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Àlùfáà, òótọ́ lẹ sọ. Yìgì kò dúró lórí ọṣẹ. Ojú mi ló dúró lórí rẹ̀."

Àlùfáà wo bàbá mi. Ó ní òun ti sọ tòun.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó mú ọ̀pá, ó fi ẹsẹ̀ tó bó yẹn rìn lọ sí Ìkọ̀tún. Bàbá ńlá yín, tó wà nílé nígbà tó dé, ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà. Bàbá mi ṣí fìlà. Ó ní, "Ìyá, àna yín ti ṣe nǹkan. Mo rí èéfín lára eérú ìgbéyàwó, mo bá da omi sí i."

Ìyá Ìkọ̀tún ní, "Omi? Sí eérú? Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Gbogbo èyí tó wà ládùúgbò. Omi àlùwàlá pàápàá wà níbẹ̀."

Obìnrin yìí bú sẹ́rìn-ín. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó fi ìborùn nu ojú. Ó wo ẹsẹ̀ bàbá mi, ẹ̀rín tún gbé e. Ó ní, "Bàbá ìyàwó, ẹsẹ̀ tiyín ti wọ ilé ọkọ ṣáájú ti ìyàwó. Ó sì mọ́ tónítóní." Bàbá mi náà kò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Ìyá Ìgàndò ńkọ́? Kí ló wí?"

"Ó ní ká sún un síwájú."

Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ. Bàbá mi dúró títí, obìnrin náà kò jáde mọ́, bàbá mi bá padà sílé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí a rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń ti ọ̀nà Ìkọ̀tún bọ̀ ní ìlà kan, agbọ̀n lórí, ewé kókò lórí agbọ̀n. Wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀ níwájú ìyá mi. Èyí tó ṣáájú wọn kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá wa ní ká kí yín. Wọ́n ní eérú Ìkọ̀tún nìyí. Wọ́n ní kẹ́ ẹ rọra o, kò gba omi púpọ̀, ó sì le ju èyí tó mọ́ yín lọ́wọ́ lọ."

Ìyá mi ṣí ewé kan. Eérú náà funfun, ó kúná, ó gbẹ bí ìyẹ̀fun. Ó wò ó títí. Mo wo ojú rẹ̀, nítorí inú agbọ̀n yẹn ni ọkọ mi wà. Bó bá ní kí wọ́n gbé e padà, ó di ìgbà ẹyìn tuntun, ta ló sì mọ ohun tí ẹnu àwọn ìyá méjèèjì ì bá ti bà jẹ́ kó tó dìgbà náà?

Ìyá mi mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bú eérú obìnrin yìí lọ́jà, òun náà ló wá ká mi mọ́lé. Ẹ gbé ajere wá."

Ó sẹ́ omi díẹ̀, ó fa ìyẹ́ adìẹ kan, ó tì í bọ inú rẹ̀. Bí omi eérú bá dára, á jẹ ìyẹ́ náà. Ó fà á jáde. Ọ̀pá àárín nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá náà sókè wò, ó ní, "Eérú yìí dára." Ó wá wo gbogbo wa yípo. "Ẹni tó bá sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀, kó má wẹ̀ nílé mi mọ́."

Wọ́n dá iná. Àdín tó dára jù lọ ló gbé jáde, èyí tó ti ń tọ́jú pamọ́, ó mọ́ gaara. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló wá bá a rò ó, àwọn tó gbé eérú wá pẹ̀lú. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ṣe bàbá mi ní yẹ̀yẹ́, ìkòkò ń hó kùtùkùtù. Bàbá mi jókòó sí òkèèrè. Ìyá mi ti fi igi fa ilà sílẹ̀ fún un, ó ní kò gbọdọ̀ sọdá rẹ̀ bí korobá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọṣẹ náà ki, ó dì, ó sinmi bó ti yẹ kó sinmi.

Wọ́n so yìgì mi. Ìyá mi kò tẹ̀lé mi, nítorí ìyá kì í sin ọmọ rẹ̀ dé ilé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló gbé igbá ọṣẹ. Ní ẹnu ọ̀nà Ìkọ̀tún, mo na ẹsẹ̀. Ìyá ọkọ mi bu ọṣẹ náà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi omi kàn án, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì hó o. Ìhó rẹ̀ ga, ó funfun gbòò. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ó fi wẹ ẹsẹ̀ mi, ọ̀tún, òsì, ó pẹ́ nídìí rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lọ. Gbogbo ènìyàn ń dúró kó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ọṣẹ yìí dára. Mi ò tíì rí irú rẹ̀." Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Ìgàndò pé eérú ni."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jíṣẹ́ náà bó ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n ní ìyá mi, tó ti ń sunkún láti ìgbà tí mo jáde, nu ojú rẹ̀ nù. Ó ní, "Kò mọ nǹkan kan. Àdín ni."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí ayé wọn. Nígbà tí mo bí àkọ́bí, àwọn méjèèjì ló wẹ̀ ẹ́ papọ̀. Ọ̀kan di orí mú, ọ̀kan ń wẹ ẹsẹ̀. Eérú ni, àdín ni, eérú ni, àdín ni, títí ọmọ fi sùn lọ́wọ́ wọn. Láti ọdún yẹn, ìkòkò kan ni wọ́n jọ ń sè. Wọ́n á dé ọjà, wọ́n á jókòó kọjú sí ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á máa bú ara wọn, ọṣẹ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń tà. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Kí Ọlọ́hun tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Nínú ìdílé wa, láti ìgbà náà, ilé ọkọ ló ń mú eérú wá, ilé ìyàwó ló ń mú àdín. Igbó ọ̀pẹ ti lọ, àká bàbá mi ti di ilé alájà, odò tí a ti ń pọn omi ti di gọ́tà. Èmi kò sunkún lé e lórí. Ẹ̀yin lẹ ń gbé inú àwọn ilé náà, ilé dára ju igbó lọ. Mo kàn fẹ́ kí eérú àti àdín má lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Mo bu ọṣẹ tó kù nínú igbá mi fún Sìdí, mo kọ́ ọ bí ìyá mi ṣe ń fi ìhó rẹ̀ pa ojú. Mo ní kó gbé àwọn ìpara yẹn tì ná, kó jẹ́ kí ojú sinmi. Iwájú orí rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ọmọ Èkìtì ni ọkọ òun, pé Ìpájà ni wọ́n ń gbé, ibo ni wọ́n á ti rí eérú. Mo ní kó lọ sọ fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ọmọ wa, wọ́n á rí eérú.

Lánàá ni bàbá ọkọ rẹ̀ dé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Eérú èèpo kòkó ló gbé wá, láti oko wọn ní Èkìtì. Ó fi ọ̀rá dì í, ó tún fi ọ̀rá dì í, ó gbé e sínú korobá ọ̀dà tó ní ìdérí, ó sì gbé e lé itan bí ọmọ ọwọ́ láti Ìpájà dé ibí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo ní kí wọ́n bu omi fún un mu.

Ó gbá korobá náà mọ́ra. Ó ní, "Màámá, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé omi yẹn dúró lọ́hùn-ún ná. Wọ́n ti sọ ìtàn bàbá yín fún mi."

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, Ọlọ́hun yóò wẹ̀ yín mọ́ ní òde ara, yóò wẹ̀ yín mọ́ nínú ọkàn. Ohun tí ẹ kó jọ, omi kò ní gbé e lọ. Bí ẹnìkan yín bá sì wà tí tirẹ̀ ti bá omi lọ, kí Ọlọ́hun rán eérú sí i láti ilé ẹni tí kò fọkàn sí. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń wọ ilé ayọ̀ kò ní bó. Àmín.